Ìdè ṣọ́ọ̀kì mọ́ ara ọkọ̀

Ìdè ṣọ́ọ̀kì ni ọ̀nà tí a gbà so orí àti ìdí ṣọ́ọ̀kì mọ́ ọkọ̀: orí rẹ̀ mọ́ ṣáásì (férémù irin ìdí ọkọ̀) tàbí ara ọkọ̀, ìdí rẹ̀ mọ́ apá ìsàlẹ̀ (ọ̀pá irin tó so táyà mọ́ ọkọ̀ nísàlẹ̀), áásù (irin gbọọrọ tó so táyà ọ̀tún àti ti òsì pọ̀) tàbí ibi mìíràn tó ń bá táyà lọ sókè sódò. Sípíríńgì ló ń gbé ìwúwo ọkọ̀. Iṣẹ́ ti ṣọ́ọ̀kì ni láti fi ọ́ìlì tó ń gba ojú ihò tóóró kọjá sọ agbára ìfò sípíríńgì di ooru, kí táyà má baà máa ta lórí títì. Ṣọ́ọ̀kì kan náà lè le koko lára ọkọ̀ kan kó sì dẹ̀ lára òmíràn, nítorí ibi tí wọ́n dè é mọ́ àti bí wọ́n ṣe dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ sí.

Ibi tí a dè é mọ́ àti bó ṣe dà sẹ́gbẹ̀ẹ́

Lára ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní apá òkè àti apá ìsàlẹ̀, ìdí ṣọ́ọ̀kì sábà máa ń wà ní agbede apá ìsàlẹ̀, kì í ṣe lẹ́bàá táyà gan-an. Bí táyà bá gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 10, ṣọ́ọ̀kì lè má rìn ju 6 lọ. Ìpín 0.6 yìí ń dín iṣẹ́ kù lẹ́ẹ̀mejì: ọ́ìlì kò yára ṣàn tó bó ṣe yẹ, nítorí náà agbára tí ṣọ́ọ̀kì ń mú jáde kéré, ìwọ̀nba tó sì mú jáde náà ń ti apá ní ibi tó súnmọ́ oríkèé tí apá náà fi so mọ́ ọkọ̀, kì í dé ọ̀dọ̀ táyà tán. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣírò rẹ̀ ní 0.6 lọ́nà 0.6, tí í ṣe 0.36, èyí tó fi díẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ.

Òfin kan náà ló de ṣọ́ọ̀kì tí kò dúró ṣánṣán. Bó bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní dígíríì 15, ìdá 93 nínú 100 iṣẹ́ rẹ̀ ló kù; ní dígíríì 30, ó di 75; ní dígíríì 45, ìdajì péré ni. Lára áásù tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ fi orí tẹ̀ sí àárín ọkọ̀, bí táyà bá ṣe ń gòkè ni ṣọ́ọ̀kì ń túbọ̀ sùn sílẹ̀, agbára rẹ̀ á sì máa rọ̀ ní àkókò tí kòtò ńlá ń béèrè rẹ̀ jù.

Níbi tí áásù gbọọrọ kan bá so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, àlàfo tó wà láàárín ṣọ́ọ̀kì méjèèjì tún ṣe pàtàkì. Ká ní mítà 1.5 ló wà láàárín táyà méjèèjì, tí mítà 0.9 sì wà láàárín ṣọ́ọ̀kì méjèèjì: bí táyà méjèèjì bá jọ gòkè, ṣọ́ọ̀kì ń ṣiṣẹ́ tán, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá fì ní kọ́nà, ìdá 36 nínú 100 péré ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ra ṣọ́ọ̀kì líle láti wo ìfì bẹ́ẹ̀ sàn lè rí i pé ní ojú ọ̀nà tààrà ni ọkọ̀ á ti kọ́kọ́ máa gbọn èrò dé egungun.

Ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn

Bí ẹ́ńjìnnì alágbára bá yí áásù tó so mọ́ sípíríńgì aláwẹ́ (èyí tí a fi irin pẹlẹbẹ ṣe), sípíríńgì lè lọ́, kí táyà sì máa fò pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan, Chevrolet Camaro ti ọdún 1967, ní ìṣòro yìí. Ní 1968, wọ́n de ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn kan síwájú áásù, èkejì sẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n lè jọ dènà ìlọ́ náà.

Ṣọ́ọ̀kì tó tún jẹ́ òpó

Nínú ìlànà tí onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, Earle MacPherson, gbé kalẹ̀, tí Ford lò fún ọkọ̀ Consul àti Zephyr ní nǹkan bí 1950, ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ló di táyà mú dúró. Ó súnmọ́ táyà, nítorí náà ìpín rẹ̀ kò jìnnà sí 1. Àmọ́ ọ̀pá rẹ̀ ń jìyà ìtì láti ẹ̀gbẹ́, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń fi dída sípíríńgì díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dín kù.

Ìdojúdé

Ṣọ́ọ̀kì onípáìpù méjì tí ó wọ́pọ̀ kò ṣeé dojú dé, nítorí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò gba ọ̀nà ọ́ìlì. Onípáìpù kan, tí Christian Bourcier de Carbon ará Faransé ṣe, tí ilé-iṣẹ́ Bilstein ti Jámánì sì sọ di ọjà, ṣeé dè bó ṣe wù kó rí.

Rọ́bà

Rọ́bà ojú ṣọ́ọ̀kì kì í jẹ́ kí ariwo títì wọ inú ọkọ̀. Bó bá rọ̀ jù, òun ló máa ń kọ́kọ́ fà kí ọ́ìlì tó mira, ìgbọ̀n kéékèèké á sì kọjá láìsí ìdíwọ́. Níbi tí rọ́bà bá lẹ̀ mọ́ irin inú rẹ̀, nígbà tí táyà bá ti kanlẹ̀ ni ó yẹ ká fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pa. Bí a bá fún un nígbà tí jáàkì ṣì gbé ọkọ̀ sókè, rọ́bà á wà ní lílọ́ títí, á sì tètè ya.