Mo ti pa iná, ó ṣì ń tàn bàìbàì: kí ló fà á?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra iná ara ògiri méjì, applique yẹn, ní ọjà Ouando, mo gbé wọn kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá wa níbí ní Àjàṣẹ́. LED ni wọ́n, wọ́n ń tàn dáadáa, ṣùgbọ́n tí mo bá pa wọ́n lálẹ́ wọn ò kú tán, wọ́n ṣì ń tàn bàìbàì bí ẹyin iná tí eérú bò. Ẹ̀rù ti ń ba ìyá wa, wọ́n ní kí n yọ wọ́n.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má fojú kékeré wo ẹ̀rù ìyá wa yẹn o. Iná náà kọ́ ló bàjẹ́. Wáyà méjì ló ń wọ inú ẹ̀: phase, ibẹ̀ ni kùrán ń gbà wá, ó sábà máa ń jẹ́ pupa, dúdú tàbí búráùn, àti neutre, ibi tí kùrán ń gbà padà, tó jẹ́ búlúù. Phase ni súwíìsì gbọ́dọ̀ máa já. Tí ẹni tó fa wáyà bá ṣèèṣì fi súwíìsì sí ara neutre, iná á tàn, á sì kú, o ò ní fura rárá, àmọ́ phase ṣì wà nínú applique yẹn ní gbogbo ìgbà tó o rò pé o ti pa á. Kùrán tín-ín-rín á wá máa yọ́ gba ara wáyà àti ògiri lọ sílẹ̀, LED ò dẹ̀ béèrè púpọ̀, ìwọ̀nba yẹn ti tó o láti tàn. Àńpúlù àtijọ́ tó ń gbóná yẹn ò lè fi èyí hàn ẹ, ìdí nìyẹn tí irú àṣìṣe yìí fi máa ń pẹ́ nínú ilé kí wọ́n tó mọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ó lè gbé èèyàn?

Ìdáhùn: Ó lè gbé èèyàn o! 220 volt ni. O pa súwíìsì, o gun àga lọ pààrọ̀ àńpúlù, ìka ẹ kan irin inú ibi tí wọ́n ń yí i sí, ó parí. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ó gbá mi dànù lórí àkàbà, ọ̀gá mi ló rá mi mú, látọjọ́ náà mi ò gba súwíìsì gbọ́ mọ́. Disjoncteur, èyí tó ń gé iná ilé, ni kó o gé. Kó o tó gé e, fi tẹsítà, screwdriver tó máa ń tàn tó bá kan kùrán yẹn, kan ibi tó o mọ̀ pé kùrán wà, kó o rí i pé tẹsítà ọ̀hún ò tíì kú, tó o bá wá gé e tán kó o fi kan wáyà applique náà, méjèèjì o, kì í ṣe pupa nìkan, torí àwọ̀ máa ń parọ́.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé súwíìsì ló wà lórí neutre?

Ìdáhùn: Tan iná náà sílẹ̀, ṣí ojú súwíìsì, di ibi ike tẹsítà mú, fi ìka kan irin kékeré tó wà ní ìdí ẹ̀, fi ẹnu ẹ̀ kan ibi tí wọ́n de wáyà sí. Tó bá tàn, phase ló wà níbẹ̀. Tí kò bá tàn, neutre ni. Iná gbọ́dọ̀ máa tàn nígbà tó o bá ń wò ó, torí tó o bá ti pa á, phase lè gba inú iná náà wá síbẹ̀ kó wá tàn ẹ́ jẹ. Tí ọwọ́ ẹ bá ń gbọ̀n, jọ̀ọ́, pe oníná. Tó bá jẹ́ neutre, má wulẹ̀ pààrọ̀ wáyà lára applique, kò ní yí nǹkan kan padà, inú bwátì tí wáyà ti pín ni wọ́n ti máa tún un ṣe. Tó bá wá jẹ́ pé gbogbo súwíìsì ilé ló rí bẹ́ẹ̀, ìdí mítà ni wọ́n ti gbé e gba òdì, má fọwọ́ kàn án, oníná ló ń ṣe ìyẹn.

Ìbéèrè: Tó bá jẹ́ phase wá ńkọ́?

Ìdáhùn: Wo súwíìsì ẹ, ṣé ó ní iná kékeré tá a fi ń rí i nínú òkùnkùn? Inú applique ni iná kékeré yẹn ti ń gba kùrán kọjá. Yọ ọ́, tàbí kó o ra súwíìsì tí kò ní i. Òun náà ló máa ń mú kí LED mìíràn máa ṣẹ́jú, kùrán á máa kán sínú ẹ̀ bí omi tó ń kán sínú igbá, tó bá kún á tàn lẹ́ẹ̀kan, á tún kú.

Ìbéèrè: Irin ni applique yìí o, wáyà aláwọ̀ ewé àti ìyeyè kan wà nínú ẹ̀ tí mi ò so mọ́ nǹkan kan.

Ìdáhùn: Háà! So ó mọ́ terre, wáyà tó wọ inú ilẹ̀, lónìí. Tí phase bá já kan irin yẹn, wáyà yẹn ló máa gbé kùrán lọ sílẹ̀ dípò ara ìyá wa. Applique tí wọ́n ya igun mẹ́rin méjì sí lára, tí ìkan wà nínú ìkejì, òun nìkan ni kò nílò terre. Tí ilé ò bá ní terre, irú ìyẹn ni kó o rà, kó o dẹ̀ wá èyí tí wọ́n kọ IP44 sí, ìyẹn ni pé omi tó bá ta sí i ò lè bà á jẹ́, torí òjò tó máa ń fẹ́ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìbéèrè: Wáyà 1,5 mm² ni mo fà.

Ìdáhùn: Ó tó fún iná.