Bí róbọ́ọ̀tì búlọ́ọ̀kù ṣe ń tọ ìlà dúdú

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí róbọ́ọ̀tì tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù LEGO (ìṣeré oníke tí wọ́n ń tò mọ́ra) tò, tó ń tọ ìlà dúdú lórí pákó funfun, lè rò pé ọ̀nà ló ń wò. Kò rí ọ̀nà kankan. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, láti 0 dé 100, inú nọ́ńbà yẹn sì ni gbogbo ìrìn rẹ̀ ti ń wá.

Ọdún 1998 ni ilé-iṣẹ́ LEGO ti Dẹ́nmáàkì gbé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ jáde, tí wọ́n pè ní Mindstorms. NXT tẹ̀ lé e ní 2006, EV3 sì dé ní 2013. Ọpọlọ EV3 jẹ́ búlọ́ọ̀kù ńlá kan tó ní ihò mẹ́rin fún motor (ẹ̀rọ tó ń yí táyà) àti mẹ́rin fún sensor (ohun tó ń wọn nǹkan bí ìmọ́lẹ̀); wáyà ló so gbogbo wọn pọ̀.

Motor rẹ̀ máa ń ka bó ṣe yí tó, dígírì kọ̀ọ̀kan (360 ló wà nínú yíyí kan). Táyà inú páálí EV3 fẹ̀ tó mìlímítà 56 láti etí dé etí, nítorí náà bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, róbọ́ọ̀tì ti rin bíi mìlímítà 176. Mítà kan á gba nǹkan bíi dígírì 2,046. Dígírì yìí ló yẹ kí èèyàn fi pàṣẹ fún un, kì í ṣe ìṣẹ́jú àáyá. Bí wọ́n bá ní kó sáré tagbára-tagbára fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ibi tó dé nígbà tí bátìrì kún kọ́ ló máa dé nígbà tí bátìrì bá ti lọ sílẹ̀. Ní Àkúrẹ́, tí NEPA lè mú iná lọ kí bátìrì tó kún, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré.

Jíà náà ní ìṣirò tirẹ̀. Bí jíà eléyín 8 tó wà lára motor bá ń yí eléyín 24 tó wà lára táyà, motor á yí lẹ́ẹ̀mẹta kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan: eré dín kù, agbára pọ̀ sí i. Ọlọ́kadà tó ń gun òkè mọ èyí dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìlà. Ọ̀dà funfun lórí pákó, pẹ̀lú téèpù dúdú tí àwọn oníná fi ń wé wáyà, tó. Irú téèpù bẹ́ẹ̀ kò wọ́n ní Ọjà Ọba, ṣùgbọ́n èyí tó ń dán jù lè tan sensor jẹ. Sensor á tan iná sílẹ̀, á sì wọn èyí tó padà wá. Ká ní funfun fún un ní 72, dúdú sì fún un ní 8: àárín wọn ni 40. Etí òsì ìlà ni róbọ́ọ̀tì ń tẹ̀ lé, níbi tí sensor ti ń rí ìdajì funfun, ìdajì dúdú. Kì í ṣe àárín ìlà, torí pé níbẹ̀ kò ní mọ ẹ̀gbẹ́ tí òun gbà yà.

Bí ó bá ka 60, ó ti yà sínú funfun. Yọ 40 kúrò, ó ku 20. Mú ìdajì rẹ̀, ó di 10. Bí eré táyà méjèèjì bá jẹ́ 30 tẹ́lẹ̀, ti òsì á di 40, ti ọ̀tún á di 20, yóò sì tẹ̀ sí ọ̀tún. Bí ó bá ka 20, òdìkejì ló máa ṣẹlẹ̀. Ó ń tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdajì yẹn gan-an ni èèyàn máa ń pẹ́ jù lórí rẹ̀: bó bá pọ̀ jù, róbọ́ọ̀tì á máa gbọ̀n sọ́tùn-ún sósì, bó bá kéré jù, á já ìlà sílẹ̀ ní kọ́nà.

Ibi tí wọ́n ti fẹ́ lò ó ni kí wọ́n ti wọn funfun àti dúdú. Oòrùn ọ̀sán tó gba fèrèsé wọlé lè yí nọ́ńbà padà, bẹ́ẹ̀ náà ni gíga sensor sí pákó.

LEGO ti dáwọ́ Mindstorms dúró ní ìparí 2022, nítorí náà tòkúnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn á rí rà. Kò burú. EV3 ṣì lè ka kóòdù MicroPython (èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà kékeré) láti orí káàdì microSD, gbogbo ìṣirò òkè yìí kò sì ju ìlà mélòó kan lọ nínú rẹ̀.