Ooru ọ̀sán, ìjì ìrọ̀lẹ́: ohun tí àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ń bá ará Abẹ́òkúta sọ

Láti oṣù Kẹta títí wọ oṣù Karùn-ún, gbólóhùn kan kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò nínú àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ tí NiMet, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ń gbé jáde fún ìhà ọ̀dọ̀ wa: ooru yóò mú ní ọ̀sán, òjò pẹ̀lú àrá sì lè rọ̀ níbì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ará Aṣérò á gbọ́ ọ, á kó aṣọ wọlé, ẹ̀kán òjò kan ò ní bọ́. Ará Láfẹ́ńwá ò ní kó tirẹ̀, ìjì á sì ṣí i ní páànù. Àwọn méjèèjì á wá fẹnu kò pé irọ́ ni wọ́n ń pa nínú rédíò. Irọ́ kọ́ o. Ooru ọ̀sán àti ìjì ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n dárúkọ pọ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ooru ni oúnjẹ tí ìjì ń jẹ. Ẹni tó bá mọ bó ṣe ń jẹ ẹ́ á mọ ìgbà tó yẹ kó sá.

Nọ́ńbà ooru ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá ní 34°C, inú ibòji ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, nínú àpótí funfun tí afẹ́fẹ́ ń gba ara rẹ̀ wọlé, tí wọ́n gbé ga kúrò nílẹ̀ tó mítà kan àbọ̀. Ooru ọ̀dà títì Kútọ̀ kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti abẹ́ páànù tí kò ní sílíìnì. Lẹ́yìn náà, ọ̀rinrin. Òógùn tó jáde kò tíì tu ènìyàn lára. Ìgbà tó bá gbẹ ló ń gbé ooru lọ. Nígbà ọyẹ́, kíá ló ń gbẹ. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kún fún ọ̀rinrin, òógùn á kàn máa ṣàn ni. Ìdí nìyẹn tí 34°C pẹ̀lú ọ̀rinrin 60% fi ń rí lára bíi 42°C, inú ibòji náà la ṣì wà o. Oòrùn gan-gan lè fi tó 8 kún un. Bíríkìlà tó wà lórí dẹ́ẹ̀kì ní aago méjì ọ̀sán kò gbọdọ̀ dúró dìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́ kó tó mu omi. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá ti ń dàrú, ó ti kọjá rírẹ̀: ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi sí i lára látòkè délẹ̀, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù.

Ọ̀rinrin yìí a máa tan ènìyàn jẹ. Láàárọ̀, fóònù á gbé 95% jáde. Lọ́sàn-án, á di 55%. Ẹni tó rí i á rò pé omi inú afẹ́fẹ́ ti gbẹ. Kò gbẹ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná lè gba omi ju afẹ́fẹ́ tútù lọ, bí ìgbà tí a da omi inú igbá kékeré sínú agbada: omi kò dín, agbada ni kò kún. Èyí tó dára jù láti máa wò ni ohun tí fóònù ń pè ní dew point, ìyẹn ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ tutù dé kí ìrì tó sẹ̀. Bó bá ti lé ní 22°C, oúnjẹ ìjì ti pọ̀ nílẹ̀ nìyẹn.

Òkun ni ọ̀rinrin náà ti ń wá. Atẹ́gùn méjì ló ń du ilẹ̀ wa: ti aṣálẹ̀ Sàhárà, tó gbẹ, tó ń ti àríwá-ìlà-oòrùn bọ̀, àti ti òkun Àtìláńtíìkì, tó kún fún omi, láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ti òkun ti ń lé ti aṣálẹ̀ padà, títí ààlà wọn á fi jìnnà sókè lápá àríwá ní oṣù Kẹjọ. Abẹ́ ni ti òkun ń gbà wọlé, bí ìgbà tí èèyàn ti ẹní bọ abẹ́ ẹni tó sùn. Nígbà tó bá kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta, ẹní náà ṣì fẹ́lẹ́. Òógùn á bo wa, àwọsánmà á fẹ́ gòkè, á wọ inú afẹ́fẹ́ gbígbẹ lókè, á sì gbẹ dànù. Ìgbà tí ẹní yẹn bá nípọn ni òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀. Ohun tó mú kí ooru ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó ṣáájú àkọ́rọ̀ burú jù nìyẹn. Tiwa tún wá le sí i nítorí àpáta: Olúmọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa mu oòrùn látàárọ̀, wọ́n á máa tú u jáde lóru.

Báwo ni ooru ṣe ń di ìjì? Ilẹ̀ á gbóná, afẹ́fẹ́ tó fara kàn án á fúyẹ́, á gbéra. Bó ṣe ń gòkè ló ń tutù, tó bíi 10°C ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan, títí ọ̀rinrin inú rẹ̀ á fi di àwọsánmà. Nígbà tí ọ̀rinrin bá ń padà di omi, ooru tó gbé e kúrò nílẹ̀ á tú jáde, àwọsánmà náà á gbóná ju àyíká rẹ̀ lọ, á tún gòkè sí i. Bẹ́ẹ̀ ni èyí tó dà bí òwú ní aago kan ọ̀sán ṣe lè ga ju kìlómítà 12 lọ kí aago mẹ́rin tó lù. Láti nǹkan bíi kìlómítà 5 sókè, ibi yìnyín ni, bó ti wù kí ìsàlẹ̀ gbóná tó. Yìnyín wẹ́wẹ́ àti yìnyín tó tóbi díẹ̀ á máa gbún ara wọn, inú gbígbún yẹn sì ni iná mànàmáná ti ń kó jọ. Òjò tó bá wá ń bọ́ á fa afẹ́fẹ́ tútù wálẹ̀. Á lu ilẹ̀, á sì tàn ká níwájú òjò.

Ẹ lọ wò ó ní Ìtòkú níbi tí wọ́n ti ń sá àdìrẹ. Afẹ́fẹ́ á dákẹ́ jẹ́ẹ́, aṣọ orí okùn ò ní mì. Lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo etí aṣọ á fẹ́ sí apá ìwọ̀-oòrùn, eruku á sọ, òórùn ilẹ̀ tútù á gba imú, ooru á já wálẹ̀ tó 8°C láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Òjò ò tíì bọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń dúró de ẹ̀kán àkọ́kọ́ kí wọ́n tó sáré, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn ìṣáájú yìí ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Ó lè kọjá kìlómítà 80 ní wákàtí kan. Etí páànù tó yọ síta ló ń gbá mú láti abẹ́, tó fi ń ṣí i. Nítorí náà, etí òrùlé ni kí ìṣó pọ̀ sí jù, kí ẹ sì fi wáyà de igi òrùlé mọ́ ògiri kí oṣù Kẹta tó wọlé. Òkúta tàbí táyà tí a gbé lé páànù kò gbà wá sílẹ̀. Bí páànù bá ṣí, òun náà á já lé ẹlòmíràn lórí.

Ìlà-oòrùn ni kí ẹ máa kọjú sí. Ìjì ńlá ilẹ̀ wa máa ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ni, láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ó sì ń sáré tó kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Èyí tó ń da omi sí ìgboro Ìbàdàn lọ́wọ́lọ́wọ́ lè dé Abẹ́òkúta kí wákàtí méjì tó pé. Òmíràn ti gbéra láti òkè Jos lọ́sàn-án, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa lóru tàbí ní ìdájí; òun ló fà á tí òjò oníjì fi ń jí wa lójú oorun nígbà tí kò sí oòrùn kankan. Àṣìṣe kan sì wọ́pọ̀ níbí. Òjò á ṣú lápá Òbáńtókò, atẹ́gùn á máa fẹ́ lọ sápá ibẹ̀, àwọn ènìyàn á ní atẹ́gùn ti gbé òjò lọ. Kò gbé e lọ. Ìjì ló ń fa atẹ́gùn yẹn sẹ́nu. Oúnjẹ ló ń jẹ, ó sì ń bọ̀.

"Níbì kọ̀ọ̀kan" ńkọ́? Àwọsánmà ìjì kan ṣoṣo lè má fẹ̀ ju kìlómítà 10 lọ, òjò lè lu Òbáńtókò kí Láfẹ́ńwá gbẹ táútáú. Bí wọ́n bá ní 40%, ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí irú ọjọ́ báyìí bá jẹ́ mẹ́wàá, mẹ́rin nínú wọn ni òjò á rọ̀ níbi tí ẹ dúró sí. Kò sọ bí òjò ṣe máa pẹ́ tó tàbí bó ṣe máa pọ̀ tó. Nígbà mìíràn, atẹ́gùn tútù láti ìjì àdúgbò kejì á dé, á tu ilẹ̀ yín lára, ìjì tiyín ò ní rí ooru jẹ mọ́; òjò á ṣú, kò ní rọ̀. 40% ìjì tó ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ kó páànù àtíbàbà nílẹ̀.

Ti mànàmáná ló ká wa lára jù. Bó bá kọ, ẹ máa ka ìṣẹ́jú-àáyá títí àrá á fi sán, kí ẹ sì fi 3 pín in: iye kìlómítà tó fi jìnnà nìyẹn. Bí ìṣẹ́jú-àáyá tí ẹ kà kò bá tó 30, ẹ wọlé, kódà bí òjò ò bá tíì rọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ilé olódi tàbí mọ́tò tí gíláàsì rẹ̀ wà ní pípadé ló dára. Àtíbàbà ọjà, abẹ́ máńgòrò àti orí ọ̀kadà kò gba ènìyàn là. Ẹ yọ waya tẹlifíṣọ̀n kí ìjì tó dé, ẹ má wẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ omi, kí ẹ sì jẹ́ kí 30 ìṣẹ́jú kọjá lẹ́yìn àrá ìkẹyìn kí ẹ tó jáde. Bí àrá bá lu ènìyàn, ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án. A mọ ohun tí àṣà wí, ṣùgbọ́n iná kò sí lára rẹ̀ mọ́. Bí kò bá mí, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé àárín àyà rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé tó sẹ̀ńtímítà 5, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹlòmíràn máa wá mọ́tò. Ọkàn tí àrá dá dúró lè tún lù padà bí ọwọ́ bá tètè kàn án.

Omi ńkọ́? Mìlímítà kan òjò jẹ́ lítà kan lórí mítà kan níbùú-lóròó. Òrùlé mítà 10 sí 10 tí mìlímítà 50 rọ̀ lé ti da lítà 5,000 sílẹ̀, nínú ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹ kó ìdọ̀tí ojú gọ́tà kúrò ní àárọ̀, kì í ṣe nígbà tó bá ń ṣàn.

Bí òjò kékeré bá rọ̀ tí oòrùn sì tún yọ lójú ẹsẹ̀, ooru á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí omi ilẹ̀ ti ń padà sínú afẹ́fẹ́. Ẹ má tíì tú ohun tí ẹ dè lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.