Orin Tó Ń Ṣáájú Ijó: Bí DJ Ṣe Ń Mú Òde Gbóná Díẹ̀díẹ̀

Bí káàdì ìpè bá sọ pé aago méjìlá ọ̀sán ni ayẹyẹ yóò bẹ̀rẹ̀, ó lè tó aago mẹ́ta kí onínàwó tó jó wọlé. Ní gbogbo àsìkò yẹn, àlejò ń dé ní méjì-méjì, wọ́n ń wá tábìlì tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ wọn sí, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń wo ẹ̀yìn bóyá àwọn agbóúnjẹ ti ń bọ̀. Orin kò gbọdọ̀ dákẹ́ níbẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ti ṣe tán láti jó. Ọ̀pọ̀ DJ tó mọ bí wọ́n ṣe ń da agbo ijó rú ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń bójú tó wákàtí yìí.

Etí àwọn èrò ló yí padà. Ẹni tó dìde tó ń jó, ìlù ló ń gbọ́. Ẹni tó jókòó, ọ̀rọ̀ inú orin ló ń gbọ́. Orin kan lè wà tí gbogbo ayé ti fi ẹsẹ̀ rajó sí lálẹ́ Sátidé láìka ohun tí olórin ń wí sí. Ẹ gbé e sílẹ̀ ní ọ̀sán, níṣojú àwọn ìyá ìjọ tó jókòó tí wọ́n ń mu omi tútù, wọn yóò gbọ́ gbogbo gbólóhùn rẹ̀, wọn yóò sì máa wojú ara wọn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ orin ni DJ tó gbọ́n máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó tó wo ìlù.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì mọ sí ọ̀rọ̀ rírùn nìkan. Àwo jùjú àwọn ọdún 1970, ti Ebenezer Obey àti ti Sunny Adé pàápàá, kún fún orúkọ àwọn olówó àti àwọn olóyè ìgbà náà. Bí ọmọ ẹni tí wọ́n kì nínú àwo bá wà ní ìjókòó, orí rẹ̀ á wú, ó lè fi nǹkan ránṣẹ́ sí DJ kí ijó tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹni tí àwọn onínàwó ń bá ṣẹjọ́ ilẹ̀ ni àwo ń kì, ojú á fà ro. Fújì náà ní tirẹ̀. Nígbà tí Síkírù Àyìndé Barrister àti Kollington Àyìnlá ń bá ara wọn fà á, òwe àti èébú wọ inú àwo wọn, àwọn àgbà tó gbọ́ ọ nígbà náà ò sì tíì gbàgbé ẹni tí wọ́n ń bá wí. Nínú agbo ijó, kò sí ẹni tí ìyẹn kàn. Nídìí tábìlì, ó lè di àríyànjiyàn kí jọ̀lọ́ọ̀fù tó dé.

Àwọn kan a máa sá sídìí orin tí kò lọ́rọ̀, hàíláífù oní-fèrè tàbí sàsófóònù lásán. Ó dára, bí gángan ò bá sí nínú rẹ̀. Bí gángan bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kí bàbá kan tó mọ èdè ìlù wà lórí ìjókòó iwájú.

Ọjọ́ orí àwọn tó kọ́kọ́ dé náà ń ran DJ lọ́wọ́. Àgbà kì í pẹ́ dé òde bí ọ̀dọ́. Àwọn ará ìjọ, àwọn ẹbí tó wá láti ìlú, àwọn ọ̀rẹ́ bàbá onínàwó, àwọn ló ń kún gbọ̀ngàn ní wákàtí àkọ́kọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ onínàwó ṣì wà nídìí ẹni tó ń bá wọn wé gèlè. Hàíláífù Victor Ọláìyá, jùjú I.K. Dáírò, àpàlà Haruna Ìṣọ̀lá tó rọra ń lọ, ìwọ̀nyí ni orin tí àwọn tó tètè dé fi ṣe ọ̀dọ́ tàbí tí wọ́n bá lẹ́nu òbí wọn. Àwo jùjú àtijọ́ tún ní àǹfààní kan: ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n so orin pọ̀ mọ́ orin títí ojú kan àwo fi tán. Ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún kí DJ tó fọwọ́ kan nǹkankan, á fi àyè yẹn tún wáyà ṣe, á sì bi olùdarí ètò bóyá àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ní ti bí orin ṣe ń ròkè tó, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Gbọ̀ngàn òfìfo a máa dún wọ̀ọ́ọ́: ilẹ̀ táìsì, ògiri lásán, kò sí ohun tó ń gba ohùn mu. Bí èrò bá ti wọlé, ara wọn àti aṣọ wọn a gba ohùn mu, orin tó ti lé tẹ́lẹ̀ a dà bí ẹni pé ó lọ sílẹ̀. Nǹkan kejì wọnú ọ̀rọ̀ yẹn. Bí ariwo bá pọ̀ láyìíká ènìyàn, a máa gbé ohùn tirẹ̀ sókè láìmọ̀. Dókítà ará Faransé kan, Étienne Lombard, ló kọ̀wé nípa èyí ní 1911, ìṣesí náà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóde wa ni pé DJ á gbé orin sókè nítorí èrò ń pariwo, èrò á pariwo sí i nítorí orin ti lọ sókè, DJ á tún gbé e. Kó tó di wákàtí kan, ọ̀fun ti ń dun gbogbo ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ijó kò tíì bẹ̀rẹ̀. DJ tó mọṣẹ́ kì í bá èrò du ariwo. Á fi ohùn sílẹ̀ níbi tí ẹni méjì tó jókòó ti ara wọn ti lè sọ̀rọ̀ láìfẹnu sétí, á sì dín béèsì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀ orin, kù, nítorí béèsì tó pọ̀ a máa bo ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́lẹ̀, pàápàá bí àga kan bá sún mọ́ sípíkà jù. Lábẹ́ kánópì ní àdúgbò, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: béèsì ń fọ́n ká síta, jẹnẹrétọ̀ sì ń bá orin figagbága. Níbẹ̀, sípíkà kéékèèké tí wọ́n pín káàkiri sàn ju ńlá méjì tó kọjú sí àwọn tó wà níwájú.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àti ohùn ni ìyára ìlù tó kàn. Orin tó ń lu nǹkan bí 90 sí 100 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan bá ẹni tó ń jẹun tàbí tó ń rìn gbẹ̀rẹ́ mu. Àmàpíánò, orin ijó tó ti South Africa wá, sábà máa ń wà nítòsí 112, àwọn ọ̀dọ́ ò sì lè jókòó tì í pẹ́. Nítorí náà, DJ a máa gun àkàsọ̀ yẹn díẹ̀díẹ̀, kò ní í fi ogún ìró fò lẹ́ẹ̀kan náà. Láptọ́ọ̀pù lè ka ìyára fún un, ṣùgbọ́n kó má fọkàn tán an lórí orin wa. Ìlù àpàlà àti ti fújì ń wọnú ara wọn, mẹ́ta ń bá méjì rìn, ẹ̀rọ a sì máa ṣì í kà, á pe orin tó rọra ń lọ ní eré àsápajúdé. Etí àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Àmì wà tó ń fi hàn pé ara ti ń yá. Ẹsẹ̀ abẹ́ tábìlì ló ń kọ́kọ́ mì, tàbí kí ẹnìkan máa fi síbí lu ìgò. Lẹ́yìn náà èjìká. Bí tábìlì kan bá gbe orin kan tí wọ́n jọ kọ ọ́, ó ti kù díẹ̀. Bí ìyá kan bá dìde tó jó láti tábìlì rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó tó kí i, òde ti gbóná. Ibẹ̀ gan-an ni ìdánwò wà, torí yóò wu DJ láti ju orin tó gbayì jù lọ sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ ṣe é. Bó bá lo orin yẹn báyìí, kí ni onínàwó fẹ́ fi jó wọlé?

Bí onínàwó bá wá pẹ́ ńkọ́, tí wọ́n ní ó ṣì ń pààrọ̀ aṣọ kejì? DJ kò ní í gbé ìyára sókè sí i, nítorí òkè yẹn ní ibi tó mọ. Irú orin ni yóò pààrọ̀, ìyára á wà bó ṣe wà: láti hàíláífù sí orin ìyìn, láti orin ìyìn sí jùjú, kí etí rí nǹkan tuntun kí ẹsẹ̀ sì ní sùúrù. Ní Lọ́ńdọ́nù, kò sí àyè fún irú ìfàgùn bẹ́ẹ̀, torí aago tí wọ́n gbọ́dọ̀ kó jáde ní gbọ̀ngàn tí wọ́n yá ti wà nínú ìwé àdéhùn. DJ ibẹ̀ a máa gun àkàsọ̀ kíákíá.

Bí ẹgbẹ́ olórin bá ń bọ̀, DJ ti gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí wọ́n pè. Bó bá jẹ́ onífújì, DJ kò ní í fi fújì kún ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ ni kò ní í lo orin olórin náà fúnra rẹ̀, àfi bí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí àwọn onílù bá ti jókòó, tí wọ́n ń dán máíkì wò, á dín orin rẹ̀ kù ní ìdajì, á wo ojú aṣáájú onílù. Bí ìyẹn bá ti mi orí, á fa ohùn wálẹ̀ tán, kí àdúrà tí olórin fi ń ṣíde má bàa bọ́ sórí orin ẹlòmíràn.