Scrapple: ẹ̀kọ ẹlẹ́ran àwọn ará Pennsylvania, àti ìdí tó fi ń fọ́ mọ́ni lọ́wọ́

Bí ẹ bá wọ ilé oúnjẹ láàárọ̀ ní Philadelphia tàbí ní ìpínlẹ̀ Delaware, ẹ ó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin dídín: ègé pẹlẹbẹ kan tí inú rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, tó rọ̀ múlọ́múlọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti dín pupa, tó ń ró kàrà lẹ́nu. Scrapple nìyẹn. Àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn wa tó ń gbé lọ́hùn-ún máa ń béèrè nípa rẹ̀ ni mo kó jọ síbí, pàápàá àwọn tó ti sè é nílé tó sì di àsáró mọ́ wọn lọ́wọ́.

Kí ni scrapple gan-an?

Omi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń ro ìyẹ̀fun àgbàdo àti ìyẹ̀fun buckwheat (hóró kan tí wọ́n ń lọ̀ bí ọkà), wọ́n á da ẹran wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n á jẹ́ kó dì, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé e, wọ́n á sì dín in. Ẹni tó bá mọ bí ẹ̀kọ ṣe ń dì ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ẹran tó ń wọ inú rẹ̀ ni èyí tí kò ṣeé tà lórí àtẹ: orí, ọkàn, ẹ̀dọ̀, awọ, àti gbogbo ohun tó bá ṣẹ́ kù lára egungun. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò sí ohun tó wà lára ẹlẹ́dẹ̀ tí kì í wọ inú scrapple, àfi igbe tó ké kẹ́yìn.

Àwọn wo ló dá a sílẹ̀?

Àwọn ará Jámánì tó ṣí wá sí Pennsylvania ni. Ní 1683, ìdílé 13 láti ìlú Krefeld tẹ Germantown dó, èyí tó ti di apá kan Philadelphia báyìí. Àwọn mìíràn wá tẹ̀lé wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e. Pennsylvania Dutch ni wọ́n ń pè wọ́n títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ará Netherlands ni Dutch túmọ̀ sí lóde òní, tí èdè àwọn baba ńlá wọn sì jẹ́ Jámánì.

Nílé wọn lọ́hùn-ún, ní agbègbè Westphalia, oúnjẹ kan wà tó ń jẹ́ Panhas. Omi tí wọ́n fi bọ sọ́séèjì lọ́jọ́ tí wọ́n bá pa ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń ro ìyẹ̀fun buckwheat. Ọ̀pọ̀ wọn a tún máa da ẹ̀jẹ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà, wọ́n bá àgbàdo níbẹ̀, oúnjẹ àwọn onílẹ̀. Ó pọ̀, kò sì wọ́n, bó ṣe wọ inú ìkòkò nìyẹn. Ìgbà òtútù ni wọ́n ń pa ẹlẹ́dẹ̀, nítorí fíríìjì kò sí, òtútù yẹn náà ló sì ń bá wọn dì í. Ẹ ó ṣì gbọ́ orúkọ pannhaas lẹ́nu àwọn àgbà níbẹ̀.

Lóde òní, iléeṣẹ́ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Habbersett ti wà lẹ́nu ẹ̀ láti 1863, RAPA sì bẹ̀rẹ̀ ní Bridgeville, Delaware, ní 1926. Ní ìlú Bridgeville yìí kan náà ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ápù àti scrapple lóṣù October lọ́dọọdún láti 1992.

Kò sí ẹyin nínú rẹ̀. Kí ló wá ń dì í mú?

Ìbéèrè yìí gan-an ni kókó, nítorí ẹni tó bá mọ ìdáhùn rẹ̀ á mọ ibi tí tirẹ̀ ti bàjẹ́.

Nǹkan méjì ló ń ṣiṣẹ́ náà. Èkíní ni àgbàdo. Bí ìyẹ̀fun àgbàdo bá pàdé omi gbígbóná, hóró rẹ̀ kéékèèké á mu omi, á wú, ohun tó ń lẹ̀ nínú rẹ̀ á sì jáde. Bó bá ti ń tutù, àwọn ohun tó jáde yìí á tún so mọ́ra wọn, wọ́n á há omi mọ́ àárín. Ẹ rántí ẹ̀kọ: gbígbóná rẹ̀ ṣeé mu ní ife, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá pọ́n ọn sínú ewé, láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti dúró fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọ́ ẹyin sí i.

Èkejì ni awọ àti egungun. Ẹni tó bá ti se ẹsẹ̀ màlúù pẹ́, tó gbé omi rẹ̀ sí fíríìjì, ti rí i bó ṣe ń mì bọ̀bọ̀bọ̀ láàárọ̀. Ohun tó wà nínú awọ àti iṣan ló yọ́ sínú omi yẹn. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá fi ẹran lásán tí kò lẹ́gungun sè é, ẹ ti pàdánù ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì.

Báwo ni mo ṣe máa sè é nílé?

Orí ẹlẹ́dẹ̀ odindi kò pọn dandan. Ẹ wá èjìká ẹlẹ́dẹ̀ tó ní egungun, bíi kílò kan àtààbọ̀, àti ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kan. Ẹ bu omi lítà 3 sí i, àlùbọ́sà kan, iyọ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e ka iná jẹ́jẹ́ fún bíi wákàtí 3, títí ẹran á fi máa já kúrò lára egungun fúnra rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ̀dọ̀, ẹ fi díẹ̀ sí i ní ìdajì wákàtí tó kẹ́yìn. Èmi kì í fi púpọ̀ sí i. Ẹ̀dọ̀ máa ń gba gbogbo adùn mọ́ ẹran yòókù lọ́wọ́.

Ẹ sẹ́ omi ẹran náà, kẹ́ ẹ wọn lítà 2. Ẹ ṣa egungun kúrò dáadáa, kẹ́ ẹ gé ẹran wẹ́wẹ́. Ìyẹ̀fun àgbàdo gíráàmù 350 àti ti buckwheat gíráàmù 120 ló kàn. Ẹ má ṣe da ìyẹ̀fun gbígbẹ sínú omi tó ń hó o, kókó ló máa dà! Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ nínú omi ẹran náà tó ti tutù pò ó, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń po ògì kí wọ́n tó da omi gbígbóná lé e. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ rọra dà á sínú èyí tó ń hó, kẹ́ ẹ máa rò ó.

Ẹ dín iná kù, kẹ́ ẹ sì rò ó fún ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán. Ó máa ń ta síni lọ́wọ́, nítorí náà ẹ lo orógùn tó gùn. Àmì pé ó ti jinná ni pé bẹ́ ẹ bá fi orógùn fa ilà sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ ó rí ìdí ìkòkò fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá kí ilà náà tó padé. Ìgbà yẹn ni ẹran wẹ́wẹ́ ń wọlé, pẹ̀lú ata dúdú tó pọ̀ dáadáa, àti ewé olóòórùn méjì, sage àti thyme. Ẹ tọ́ ọ wò kó tó kúrò lórí iná: ó yẹ kí iyọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ju bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ lọ, nítorí bó bá tutù, iyọ̀ náà á rọlẹ̀ lẹ́nu.

Ẹ dà á sínú pánù búrẹ́dì méjì tẹ́ ẹ ti fi òróró pa, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ooru rẹ̀ rọ̀, kẹ́ ẹ gbé e sí fíríìjì mọ́jú. Mọ́jú ni mo wí o, kì í ṣe wákàtí méjì.

Tèmi fọ́ yángá sínú páànù. Kí ló fà á?

Tèmi náà fọ́ nígbà àkọ́kọ́. Mo rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọwọ́ dùn mí, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ó dì lójú, ó ṣeé gé, àmọ́ bí iná ṣe kàn án ló yọ́, mo sì fi ṣíbí jẹ ẹ́. Àgbàdo tí kò jinná kò lè mú nǹkan kan dúró.

Bó bá sì jẹ́ pé tiyín jinná dáadáa, tó tún ṣì fọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dídín rẹ̀ ni. Ẹ gé e tó bíi ìdajì ínǹṣì, ẹ nu omi ara rẹ̀, ẹ fi ìyẹ̀fun díẹ̀ wọ́n ọn. Òróró díẹ̀ ti tó, nítorí ọ̀rá wà nínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti gbé e sínú páànù gbígbóná, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣí i wò ní gbogbo ìgbà ló ń fà á ya, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣì rọ̀ lẹ̀ mọ́ páànù. Bó bá tó bí ìṣẹ́jú 6 sí 8, tẹ́ ẹ bá mi páànù, á yọ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ yí i, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Mi ò kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ṣé mo lè sè é?

Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn iléeṣẹ́ náà ń fi ẹran màlúù àti tòlótòló ṣe é. Ẹ ṣáà fi ẹsẹ̀ màlúù tàbí apá tòlótòló kún un nítorí omi rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá wà nílé tẹ́ ò rí buckwheat, ìyẹ̀fun túwó àgbàdo nìkan náà á dì. Ògì kọ́ o: kíkan rẹ̀ á yọ.

Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí goetta àti livermush?

Ẹbí ni wọ́n. Goetta jẹ́ ti àwọn ará Cincinnati ní ìpínlẹ̀ Ohio, ọ́ọ̀tì ló wà nínú rẹ̀ dípò àgbàdo. Livermush jẹ́ ti North Carolina, ẹ̀dọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Kí ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́?

Ìjà ńlá nìyẹn lọ́hùn-ún. Àwọn kan á da ketchup lé e, àwọn kan á da omi dídùn igi maple, ọ̀pọ̀ àwọn Pennsylvania Dutch sì ń fi ápù tí wọ́n sè títí tó fi dúdú tó sì ki pa á lára. Èmi fẹ́ràn ata díndín lórí rẹ̀, mi ò sì tíì rí ará Pennsylvania tó gbà pẹ̀lú mi. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́rin nínú fíríìjì. Bẹ́ ẹ bá gbé e sí fìrísà, ó máa ń ṣomi bó bá yọ́, nítorí náà ẹ gé e kó tó wọlé, kẹ́ ẹ sì dín in bó ṣe tutù yẹn.