Ìtọ́jú àpapọ̀: kí ló kan àròkàn nínú oògùn tó ń dènà HIV?

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọbìnrin ẹni ogún ọdún kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Ó gba PrEP, oògùn tó ń dènà HIV, ó lò ó fún ọjọ́ mọ́kànlá, ó sì dáwọ́ dúró. Bí ẹ bá bi í, yóò ní òun gbàgbé ni. Kò purọ́, àmọ́ kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ń lù ú, owó fíríìdọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì pé, oorun kì í sì í kùn ún lálẹ́ mọ́. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá òun, ta ló fẹ́ kó rántí oògùn àárọ̀?

Nítorí irú ọmọ yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣe ń sọ̀rọ̀ ìtọ́jú àpapọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé yàrá tí wọ́n ti ń fún un ní oògùn ìdènà HIV náà ni wọ́n á ti bi í léèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, lọ́jọ́ kan náà, lẹ́nu ẹnì kan náà.

PrEP fúnra rẹ̀ kò le láti ṣàlàyé. Ẹni tí kò ní kòkòrò HIV ló ń lò ó, kí kòkòrò náà má baà ráyè fìdí múlẹ̀ lára rẹ̀. (PEP yàtọ̀ o. Ti ẹni tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí ni ìyẹn, bóyá kọ́ńdọ̀ọ̀mù bẹ́ tàbí wọ́n fipá bá a lò pọ̀. Wákàtí 72 kò gbọdọ̀ kọjá kó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, yóò sì lò ó fún ọjọ́ 28.) Ọdún 2012 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí PrEP, ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n máa fún gbogbo ẹni tí ewu HIV pọ̀ fún. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́, agbára káká ni HIV fi lè ràn án nípa ìbálòpọ̀.

“Lójoojúmọ́” yẹn ni wàhálà wà. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n pè ní VOICE, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2013, wọ́n kó obìnrin tó lé ní 5,000 jọ ní South Africa, Uganda àti Zimbabwe. Àwọn obìnrin náà ní àwọn ń lo oògùn ìdènà náà. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọn ò rí oògùn kankan nínú èyí tó pọ̀ jù. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì lọ́kọ ni tiwọn burú jù, àwọn náà sì ni HIV mú jù. Ní Nàìjíríà tiwa, ìwádìí ọdún 2018 fi hàn pé nínú ẹgbẹ̀rún obìnrin tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, bíi 19 ló ní HIV. Ti ọkùnrin kò ju 9 lọ.

Bí wọ́n bá dárúkọ ìlera ọpọlọ nílẹ̀ yìí, Arò ní Abẹ́òkúta ló ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn (kì í ṣe Òkè Àró tiwa ní Àkúrẹ́ o!). Wọ́n á ti rí ẹni tó ń ya aṣọ ara rẹ̀ lójú títì. Ohun tí à ń sọ wọ́pọ̀ jùyẹn lọ: ìsoríkọ́, àìbalẹ̀ ọkàn, ìpayà ẹni tí wọ́n ti hùwà ipá sí. Mélòó nínú wa ló sì máa ń la ẹnu sọ pé òun ní ìsoríkọ́? “Orí mi ń gbóná” la máa ń sọ. “Nǹkan ń rìn lórí mi.” “Àyà mi ń já ṣáá.” Nọ́ọ̀sì tí kò bá fetí sí irú ọ̀rọ̀ báyìí dáadáa yóò kọ oògùn ibà fún ọmọ náà, á ní kó máa lọ.

Ìwé ìbéèrè mẹ́sàn-án kan wà tí wọ́n ń pè ní PHQ-9, ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá ló ń béèrè nípa rẹ̀. Ṣé nǹkan tó máa ń dùn mọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ṣì ń dùn mọ́ ọ? Oorun ńkọ́? Oúnjẹ ńkọ́? Ṣé ó ti ṣe ọ́ bíi pé kí o kúkú kú? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 sí 3. Bí àròpọ̀ rẹ̀ bá tó 10, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní kékeré.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí máàkì rẹ̀ tó 10 ló nílò dókítà ọpọlọ. Ní 2006, Dixon Chibanda, dókítà ọpọlọ kan ní Zimbabwe, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú ìyá àgbà 14 ní Mbare, ní ìlú Harare. Wọ́n gbé bẹ́ńṣì síta ilé ìwòsàn. Ẹni tí àròkàn bá ń bá jà, tí àwọn Shona ń pè ní kufungisisa, á wá jókòó ti ìyá àgbà kan, á tú gbogbo ìṣòro rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á mú ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀, wọ́n á jọ wá nǹkan ṣe sí ìyẹn. Ìwádìí tó jáde ní 2016, pẹ̀lú èèyàn 573, rí i pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó jókòó lórí bẹ́ńṣì yá ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ rò ó wò ná: irú ìyá bẹ́ẹ̀, ṣé a ò ní wọn ní Ìsìnkàn àti ní Òǹdó?

Bí aránṣọ wa bá jókòó síbẹ̀, ó lè jẹ́ ìṣòro ìgò oògùn ni wọ́n á kọ́kọ́ mú. Ìgò náà ń dún nínú báàgì, ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ sì ní oògùn ẹni tó ti ní HIV ni. Kó ki òwú bọ̀ ọ́, tàbí kó dà á sí ike mìíràn tó ní ìdérí. Ọ̀rọ̀ lílù yóò gba àkókò jùyẹn lọ. Abẹ́rẹ́ ìdènà HIV kan, lenacapavir, tilẹ̀ ti wà báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún: nínú obìnrin 2,134 tó gbà á nínú ìwádìí kan ní South Africa àti Uganda, ẹyọ kan kò kó HIV. Ìgò tó ń dún tán nìyẹn. Lílù ṣì wà níbẹ̀.

Ti ẹni tó bá ní òun fẹ́ kú ló yàtọ̀. Ti dókítà ọpọlọ nìyẹn, lójú ẹsẹ̀. Àkúrẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba fún ọpọlọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kàn kọ ìwé lé e lọ́wọ́ pé kó máa lọ síbẹ̀, lójú tèmi, kò ní dé ibẹ̀. Owó ọ̀kadà ńkọ́? Bí ọ̀gá rẹ̀ bá sì rí i lẹ́nu géètì ńkọ́? Kí nọ́ọ̀sì náà pè wọ́n lórí fóònù kí ọmọ náà tó dìde lórí àga.