Ojú Sánmà Tí Kò Ní Olùdarí: Bí Bàálù Kékeré Ṣe Ń Fò Nígbèríko Ọsirélíà

Ní Temora, ìlú àwọn àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ New South Wales, pápá bàálù wà, títì ọlọ́dà tí bàálù ń sá lé wà, ilé tí wọ́n ń gbé bàálù sí náà wà lóríṣiríṣi. Ohun tí kò sí ni ilé gogoro tí òṣìṣẹ́ ń jókòó sí, tí yóò máa sọ fún awakọ̀ pé "ó yá, máa bọ̀" tàbí "dúró ná". Síbẹ̀, láàárọ̀ Sátidé tí ojú ọjọ́ bá dáa, bàálù mẹ́rin lè yọ láti igun mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, tí eré ọ̀kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì, kí gbogbo wọn sì balẹ̀ láìkọlu ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ọ̀pọ̀ jù lọ pápá bàálù ìgbèríko ilẹ̀ náà.

Rédíò ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Pápá kọ̀ọ̀kan ní ìkànnì tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ yí rédíò rẹ̀ sí. Èyí tí wọn kò bá yan ìkànnì fún, 126.7 ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Bó bá ku bíi máìlì 10 kí awakọ̀ dé pápá, yóò fọhùn. Èdè Òyìnbó ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n tí a bá fi Yorùbá gbé e, bó ṣe máa rí nìyí (Jabiru ni irú bàálù tó ń wà): "Ẹ̀yin tí ẹ wà ní sàkání Temora, Jabiru nìyí, mo wà ní máìlì 10 níhà àríwá, ẹsẹ̀ bàtà 3,500, mò ń bọ̀ wá balẹ̀, Temora." Kò ní dúró gbọ́ èsì, torí kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí òun wà ni. Ẹni tó bá wà nítòsí ni yóò sọ tirẹ̀ padà, àwọn méjèèjì á sì mọ ẹni tí yóò ṣíwájú.

Orúkọ ìlú tí wọ́n ń pè lẹ́ẹ̀mejì yẹn kì í ṣe àsọdùn. Ọ̀pọ̀ pápá ló ń pín ìkànnì kan náà lò, ohùn rédíò sì máa ń lọ jìnnà tí èèyàn bá wà lókè, débi pé awakọ̀ lè máa gbọ́ ẹni tó fẹ́ balẹ̀ sí ìlú tí òun ò tilẹ̀ rí. Bí ariwo ẹ́ńjìnnì bá gbé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà mì, orúkọ tó kẹ́yìn ni yóò sọ fún un bóyá ọ̀rọ̀ náà kàn án.

Ìyípo ló tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ sísọ. Bàálù kì í kàn ṣàdédé já wọ orí títì láti ibi tó bá wù ú. Ó ń rìn yí pápá ká bí ẹni ń tọ ẹ̀gbẹ́ ọgbà onígun mẹ́rin, apá òsì ló sì ń yà sí, àyàfi tí àlàyé pápá náà bá ní ọ̀tún ni kí wọ́n máa yà. Òsì ni awakọ̀ ń jókòó sí nínú ọ̀pọ̀ bàálù wọ̀nyí. Tó bá ń yà sósì, títì tó fẹ́ balẹ̀ sí kò ní kúrò lójú rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 1,000 ni àwọn tí eré wọn mọ níwọ̀n ń gbà yípo, àwọn tí kò lè sáré ń gba 500, àwọn asáré-bí-ìjì ń gba 1,500, kí ẹni tó ń sáré má baà gun ẹni tó ń rọra lọ lẹ́yìn.

Kí ó tó wọ ìyípo yẹn, yóò ti wo àpò aṣọ tó so sórí òpó nísàlẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ni wọ́n ń kọjú sí, ìbáà ṣe gbígbéra tàbí bíbalẹ̀. Ká ní eré 90 kìlómítà ní wákàtí ni ìyẹ́ bàálù nílò kó tó lè gbé e, tí afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ níwájú sì jẹ́ 30, eré 60 péré ni táyà yóò fi kan ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti bá a san ìyókù.

Rédíò kò tó o. Ẹlòmíràn lè gbàgbé láti yí ìkànnì, bátìrì ẹlòmíràn lè ti kú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ pé kó máa yí orí wo ọ̀tún, òsì, òkè àti ìsàlẹ̀ láìsinmi, bíi pé kò gbọ́ ohun kan rárá.

Kí ìjọba tó gbà kí àwọn èèyàn máa dá ara wọn darí báyìí, ó ti pẹ́ díẹ̀. Lọ́dún 1974, Ron Wheeler gbé bàálù kékeré kan jáde tó ń jẹ́ Skycraft Scout, ẹlẹ́nìkan, tí kò ju ọ̀pá alumíníọ̀mù àti aṣọ lọ tí wọ́n so ẹ́ńjìnnì kékeré mọ́. Àwọn àgbẹ̀ àti ọ̀dọ́ ìgbèríko bẹ̀rẹ̀ sí í fò ó, òfin kò sì mọ ibi tí yóò kà á sí. Ní 1976 ni ìlànà tí wọ́n ń pè ní 95.10 jáde: ẹ lè fò, ṣùgbọ́n ẹ má ga ju ẹsẹ̀ bàtà 300 lọ, kí ẹ sì jìnnà sí títì ọlọ́dà tí mọ́tò ń gbà. Ète ìjọba ni pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe ara rẹ̀ léṣe, kó ṣe é lórí oko ara rẹ̀. Òfin ọ̀hún lárékérekè díẹ̀, torí fífò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fún awakọ̀ láàyè kankan tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Gíga ni àkókò nínú iṣẹ́ yìí. Nígbà tó yá, wọ́n tú u díẹ̀díẹ̀. Ní 1983 àwọn awakọ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà ló wá di Recreational Aviation Australia, tí gbogbo èèyàn ń pè ní RAAus. Ẹgbẹ́ yìí ló ń fún wọn níwèé àṣẹ, òun náà ló ń fún bàálù wọn ní nọ́mbà, lábẹ́ ojú àjọ CASA tó ń ṣàkóso ààbò òfuurufú.

Ìwọ̀n àti eré ni òfin náà dúró lé. Ìjókòó bàálù náà kò gbọ́dọ̀ ju méjì lọ. Kílógíráàmù 600 ni wọ́n fi dé ìwọ̀n rẹ̀ fún ọdún pípẹ́, èèyàn, epo àti ẹrù nínú rẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó tó 760. Ó sì gbọ́dọ̀ lè rọra fò débi eré bíi 83 kìlómítà ní wákàtí kí ìyẹ́ rẹ̀ tó kọ̀ láti gbé e mọ́. Ohun tó fúyẹ́ tó sì ń rọra balẹ̀, bó tilẹ̀ já sínú oko àlìkámà, ìbàjẹ́ rẹ̀ kò lè pọ̀. Torí pé ìbàjẹ́ náà níwọ̀n ni òfin ṣe fi púpọ̀ lé awakọ̀ lọ́wọ́.

Wo ọ̀rọ̀ ìlera. Ẹni tí ara rẹ̀ bá le tó láti wa mọ́tò tirẹ̀ lójú títì, ara rẹ̀ le tó láti fo bàálù yìí, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń kọ̀wé jẹ́rìí sí i. Ọmọ ọdún 15 lè dá fò. Wákàtí 20 ló kéré jù fún ìwé àṣẹ, márùn-ún nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó dá fò láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé àkọ́kọ́ yẹn kò gbé èèyàn jìnnà: máìlì òfuurufú 25 sí ibi tó ti gbéra ni òpin rẹ̀. Èèyàn á tún kẹ́kọ̀ọ́ sí i kó tó lè rin ìrìn àjò, á tún kẹ́kọ̀ọ́ mìíràn kó tó lè gbé ẹlòmíràn. Ojúmọmọ nìkan ni wọ́n ń fò, wọn kì í wọ inú ìkùukùu, wọn kò sì gbọdọ̀ gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá gbé.

Àtúnṣe náà ńkọ́? Ẹni tó ni bàálù, tó sì ń lò ó fún ara rẹ̀ nìkan, lè tún un ṣe fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti yege ìdánwò kékeré kan. Tó bá jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́, ẹlòmíràn tó mọṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò fọwọ́ sí i. Àwọn kan tilẹ̀ ń ra bàálù ní tútùká, nínú àpótí, tí wọ́n á fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta tò ó pọ̀ nínú ahéré tí katakata wà. Ìkìlọ̀ máa ń wà níwájú ìjókòó wọn pé ewu wà lọ́rùn ẹni tó bá wọlé. Ní Bundaberg ní Queensland ni ilé iṣẹ́ Jabiru, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, ti ń ṣe bàálù àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lápapọ̀. Àwọn mìíràn ń lo ẹ́ńjìnnì Rotax láti Austria, èyí tó fẹ́ràn bẹntiróòlù tí mọ́tò ń mu, tí wọ́n sì lè rà á ní ilé epo ìlú nínú jẹ́ríkáànù.

Epo yìí ni ibi tí èèyàn ti ń rí ìfarabalẹ̀ wọn dáadáa. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìtanná, awakọ̀ á tẹ̀ba sábẹ́ ìyẹ́, á fi ife kékeré tó mọ́ gaara gba epo díẹ̀ láti ìdí táǹkì, á gbé e sókè sójú oòrùn. Òtútù òru máa ń mú kí omi so mọ́ ara táǹkì, omi sì wúwo ju epo lọ. Bí omi bá wà níbẹ̀, á tò sísàlẹ̀ ife bí ìlẹ̀kẹ̀. Á dà á nù, á tún gbà, títí ìlẹ̀kẹ̀ náà kò fi ní sí mọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò yí abẹ̀bẹ̀ iwájú pẹ̀lú ọwọ́ kó lè gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mí, á ti ìyẹ́ gbọ̀n, á wo bóòtù kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀gá tó ń wò ó.

Ogun ló bí ọ̀pọ̀ pápá tí wọ́n ń lò. Narromine gba àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ awakọ̀ ogun láti 1940, Temora láti 1941, Tiger Moth ni wọ́n sì fi ń kọ́ wọn. Lẹ́yìn ogun, ìjọba àpapọ̀ fa irú pápá bẹ́ẹ̀ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Gígé koríko kò rọrùn fún ìlú kékeré, ṣùgbọ́n títì kan náà ni bàálù dókítà ń balẹ̀ sí tí aláìsàn bá wà, èyí tó ti ń ṣẹlẹ̀ láti ọdún 1928 tí Flying Doctor ti bẹ̀rẹ̀ ní Cloncurry. Ìdí nìyẹn tí pápá kì í fi í kú.

Àgbẹ̀ tó ní bàálù tirẹ̀ kì í tilẹ̀ dé ìlú. Ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ ló ti la ọ̀nà ilẹ̀ sí. Oko màlúù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré: Anna Creek ní South Australia lé ní 15,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ibi tí màlúù ti ń mumi àti ọgbà wáyà ló ń yọ ọlọ́sìn lẹ́nu jù, torí tí páìpù omi bá bẹ́ nígbà ooru, màlúù lè kú kí ẹni tó wa mọ́tò gba ọ̀nà eléruku tó débẹ̀. Láti òkè, ilẹ̀ tó rin máa ń dúdú láàárín pupa ilẹ̀ aṣálẹ̀, kò nílò kí a tún wá a. Èèyàn á ti rí i láàárín wákàtí kan ohun tí ì bá gbà á ní ọjọ́ kan.

Níbi yìí gan-an ni ewu wà, torí ẹni tó ń wo páìpù máa ń fẹ́ sún mọ́ ọn. Òfin ní kí ẹnikẹ́ni má fò sísàlẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 500 àyàfi tó bá ní àṣẹ pàtàkì fún un. Ohun tó wà nísàlẹ̀ yẹn ni wáyà iná ìgbèríko. Wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n ń nà, ilẹ̀ ló ń gbé iná padà. Ó dín ìnáwó kù, ó sì gbé iná dé oko tí kò sí ẹni tó lè ṣèrò pé iná á dé. Ṣùgbọ́n òpó kan lè jìnnà sí èkejì ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà, wáyà náà tín-ín-rín, àwọ̀ rẹ̀ sì bá ojú ọ̀run mu. Ojú kì í rí i. Òpó ni wọ́n ń kọ́ awakọ̀ láti wá, kó sì gbà pé wáyà wà láàárín òpó méjì bó rí i bí kò rí i. Ìbànújẹ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tó kọlu wáyà ló ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ooru ni ọ̀tá kejì. Lóṣù January, nígbà tí ìwọ̀n ooru bá kan 40, afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́lẹ́. Ìyẹ́ kì í rí nǹkan dì mú tó, ẹ́ńjìnnì kì í rí afẹ́fẹ́ mu tó, títì tó tó láàárọ̀ lè má tó lọ́sàn-án mọ́. Ìjì yípoyípo tó ń gbé eruku sókè tún wà, tí wọ́n ń pè ní willy-willy. Àárọ̀ kùtù ni ẹni tó gbọ́n ń fò, tàbí ìrọ̀lẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ rìn ju máìlì òfuurufú 50 lọ gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò ké sí sátẹ́láìtì tó bá já, kí àwọn tó ń wá èèyàn láti Canberra lè mọ ibi tó wà. Àwọn ará oko tún ní ti wọn: wọ́n á sọ fún ìyàwó tàbí ọkọ ní ilé pé bí aago mẹ́rin bá lù tí mi ò tíì dé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pe èèyàn.

Ó kéré tán, ìṣẹ́jú 10 gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù kí ìmọ́lẹ̀ ìkẹyìn tó lọ nígbà tí táyà bá kanlẹ̀. Àkókò yẹn náà ni kangaroo ń jáde wá jẹ koríko létí títì. Awakọ̀ á kọ́kọ́ fò wálẹ̀ kọjá lórí títì pẹ̀lú ariwo kí wọ́n lè sá, á yípo, á sì wá balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fi okùn so ìyẹ́ méjèèjì mọ́ ilẹ̀, á sì fi aṣọ pupa bo ẹnu páìpù tíńtín kan tó yọ síta. Láti ẹnu páìpù yẹn ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí aago eré fi ń mọ bí bàálù ṣe ń sáré tó. Bí ó bá gbàgbé rẹ̀, agbọ́n tí ń fi amọ̀ kọ́lé lè ti dí i pa kí ilẹ̀ tó mọ́.